Kókó Dúdú ní Ìdí Ọpọlọ

Ẹ̀kọ́ tèmi lóṣù yìí dá lórí àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an: kókó tó ní aró dúdú nínú, tó hù sí ìdí ọpọlọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní pituitary. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lè ṣiṣẹ́ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì kó má rí ẹyọ kan. Ẹ lè ní kí ló wá kàn wá ní Ungwan Rimi níbí. Ẹ ní sùúrù, ó kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí pituitary wà. Ẹ fi ọkàn fa ìlà láti àárín ojú méjèèjì lọ sẹ́yìn, kí ẹ fa òmíràn láti etí kan sí èkejì. Àyíká ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ló wà. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà tó gíráàmù kan. Egungun tó jókòó lé rí bíi gàárì ẹṣin, àwọn oníṣègùn àtijọ́ sì sọ ọ́ ní gàárì àwọn ará Tọ́kì. Gàárì ni mo kọ o, kì í ṣe gààrí tí à ń mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì! Ẹ wo àmì orí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà Sàlá ní Zaria mọ bí gàárì ṣe ń ga níwájú tó tún ń ga lẹ́yìn. Àárín tí ẹlẹ́ṣin ń jókòó sí, ibẹ̀ ni pituitary jókòó sí.

Bó ṣe kéré tó yẹn, òun ló ń rán hòmóònù kiri inú ẹ̀jẹ̀: èyí tó ń mú ọmọdé ga, èyí tó ń mú omi ọyàn wá fún ìyá ọlọ́mọ, àwọn tó ń darí nǹkan oṣù, èyí tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má da omi nù jù.

Òkè rẹ̀ gan-an ni iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kókó yòówù tó bá hù níbẹ̀, ì báà dúdú, ì báà funfun, tó bá ti ń tóbi, á máa ti iṣan ojú láti ìsàlẹ̀. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ ni ìríran ẹ̀gbẹ́: ojú ọ̀tún ò ní rí apá ọ̀tún mọ́, ojú òsì ò ní rí apá òsì. Ẹni náà ṣì ń rí iwájú, ó ṣì ń ka ìwé, ṣùgbọ́n kò ní rí kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ló jẹ́ kí n máa wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún méjì ni orí fi ń fọ́ wọn. Nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró, èjìká wọn á sì máa gbá ilẹ̀kùn. Ibi méjì ni wọ́n ti ra awò ojú, kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọwọ́ ayé ni, pé àwọn kan ló di ilé ọmọ wọn. Dókítà ojú kan ló wá gbé ìka sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn, tó ní kí wọ́n má ra awò mọ́, kí wọ́n lọ ya àwòrán orí. Tiwọn kì í ṣe dúdú o, irú tó wọ́pọ̀ ni, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí mò ń kà nípa tiwọn ni mo pàdé èyí tó dúdú. Mo ní, kí ni aró ń wá nínú orí?

Àyẹ̀wò ìka yẹn ò le. Jókòó kí o kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ. Kó di ojú kan, kó máa wo imú rẹ, kó má yí ojú. Wá máa mú ìka tó ń mì bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó sọ ìgbà tó rí i. Ẹ ṣe ojú kejì náà. Tí kò bá rí ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ilé ìwé. Kàdúná níbí náà ni National Eye Centre wà, a ò ní láti lọ jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí aró. Ohun tó ń mú awọ ara wa dúdú ni mẹ́láníìnì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló sì ń ṣe é. Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń rìn láti ẹ̀yìn ọmọ lọ sínú awọ ara. Díẹ̀ nínú wọn á yà sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọpọlọ, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo èèyàn ló ní i, títí kan òyìnbó. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbàṣẹ. Èyí tó rọra ń dàgbà ni melanocytoma, ọdún 1972 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn. Èyí tó burú ni melanoma, jẹjẹrẹ gidi nìyẹn.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀rọ MRI máa ń ya àwòrán lóríṣiríṣi. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní T1, kókó dúdú yìí sábà máa ń tàn funfun báláú! Nínú T2, á wá ṣókùnkùn. Mẹ́láníìnì ló ń da agbára òòfà ẹ̀rọ náà láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ sínú kókó lásán náà lè tàn bẹ́ẹ̀, torí náà àwòrán nìkan ò lè búra. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi maikirosíkópù wò ó, kí wọ́n sì fi àwọn oògùn àyẹ̀wò bíi HMB-45 àti Melan-A kùn ún.

Tó bá jẹ́ melanoma, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ara wò, torí ó lè jẹ́ ibòmíràn ló ti wá: inú ojú, abẹ́ èékánná, àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ní jẹjẹrẹ awọ ara ò kan aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe òótọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná gan-an ló ti sábà máa ń mú wa. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley lọ́dún 1977. Ó dé ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú ní May 11, 1981, ní ọmọ ọdún 36.

Ìtọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló ṣáájú, ihò imú ni wọ́n sì sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ má pariwo, wọ́n á ti kun ẹni náà lóorun. Tí wọ́n bá lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó dára jù. Tí díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ iṣan ojú, wọ́n lè fi ìtànṣán jó ìyókù. Fún melanoma, oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí tún wà. Lẹ́yìn náà, aláìsàn lè máa lo hòmóònù oníkóró títí ayé. Èyí tí wọ́n ń pè ní hydrocortisone, kò gbọ́dọ̀ pa á jẹ rárá, ó lè gba ẹ̀mí. Wọ́n á sì máa tún àwòrán yà lóòrèkóòrè, torí melanocytoma pàápàá lè padà wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962. MRI ò tíì sí nígbà yẹn. Akéwì ni wọ́n tún jẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í kọ ewì!

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo bi olùkọ́ wa ohun tí a lè máa pe pituitary ní Yorùbá, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ jọ rò ó. Èmi dábàá “ajókòó-lé-gàárì.” Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju tèmi lọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi àmì ohùn sí i, kó mú un wá sípàdé ọjọ́ Jímọ̀.