Ohun Dúdú Tí A Gé ní Gìgísẹ̀: Kí Ni A Tún Ń Wò Lára Rẹ̀?

Bàbá kan kọ̀wé sí mi pé dókítà gé ohun dúdú kan kúrò ní gìgísẹ̀ ìyàwó òun, ojú ibẹ̀ sì ti ń jinná. Wọ́n wá ní kí òun tún san owó mìíràn, kí wọ́n lè gbé ẹran ara tí wọ́n gé náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ní: "Ohun tí a ti gé kúrò, kí ni a tún ń wò lára rẹ̀?"

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó náà. Iṣẹ́ mi ni ẹ bi mí yìí, nítorí èmi ni mo máa ń jókòó ti máíkírósíkópù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Jẹjẹrẹ kan wà tí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ wa ní àwọ̀ rẹ̀. Mẹlanómà ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n bí ó bá mú wa, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń gbà. Ẹ rántí Bob Marley, olórin ará Jàmáíkà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 1977. Ó kú ní oṣù Karùn-ún 1981, ẹni ọdún 36 péré. Ojú lásán kò lè fi gbogbo ara dá a mọ̀. Ó lè dà bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nítorí bàtà tí ó há. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ dúdú rárá, ẹ ó kàn rò pé egbò tí kò fẹ́ san ni.

Inú oògùn fọ́málìn ni ẹran náà gbọ́dọ̀ wà. (Wọ́n ti fi omi lásán gbé ọ̀kan wá fún mi rí, ó ti jẹrà, n kò sì rí ohunkóhun sọ fún ẹni tí ó ni ín.) A ó fi ọ̀rá bí ti àbẹ́là mú un le, a ó wá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí igba irú rẹ̀ lórí ara wọn kò ní í pé mílímítà kan. Lẹ́yìn náà a ó rẹ ẹ́ sínú aró bí àwọn aláró Abẹ́òkúta ti ń ṣe: aró kan yóò sọ kókó inú sẹ́ẹ̀lì di búlúù, èkejì yóò sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Nínú awọ tí ó dára, àwọn sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ náà máa ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ awọ òkè, bí ọlọ́jà tí olúkúlùkù wà nídìí àtẹ rẹ̀. Nínú mẹlanómà, wọn a máa wọ́ jọ, wọn a gun òkè, kókó wọn a tóbi ségesège, wọn a sì já wọ ìsàlẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ṣòro láti mọ̀. Nígbà náà ni mo ń pe ẹlẹgbẹ́ mi kí ó wá wò ó, tí a sì ń lo aró àkànṣe bíi Melan-A. Ìdí nìyẹn tí èsì fi máa ń pẹ́.

Ní 1970, dókítà Alexander Breslow ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó yẹ kí a wọn bí jẹjẹrẹ náà ti jinlẹ̀ tó. Èyí tí kò tó mílímítà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá gé e dáadáa; èyí tí ó ju mẹ́rin lọ léwu púpọ̀. Ìwọ̀n yìí ni oníṣẹ́ abẹ fi ń mọ bí yóò ti tún gé ibẹ̀ fẹ̀ tó.

Obìnrin oníṣòwò kan wà tí wọ́n gé tirẹ̀ níbì kan, tí wọ́n sì dà á nù. Lẹ́yìn ọdún méjì, kókó yọ sí ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn. Kókó náà ni wọ́n gbé wá fún mi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú láti gìgísẹ̀ ni mo bá nínú rẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá, bí ìwé èsì bá sọ pé mẹlanómà ni, ẹ béèrè pé mílímítà mélòó ni, kí ẹ sì béèrè bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Ẹ bá mi kí ìyá ilé.