ÀGBÉYẸ̀WÒ OHUN TÍ Ó MÚ ÀWỌN AGBÈGBÈ AMẸ́RÍKÀ YAPA KÚRÒ LÁBẸ́ ÌJỌBA GẸ̀Ẹ́SÌ

Ìfáàrà
Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó mú kí agbègbè mẹ́tàlá ní Amẹ́ríkà kéde òmìnira kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1776, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni pé owó-orí ni ó pọ̀ jù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn náà kò kún tó, àti pé ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ fi ń túmọ̀ ìtàn náà wà lára ohun tí ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Kì í ṣe bí owó náà ti pọ̀ tó ni ó dá ìjà sílẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bù ú.

Gbèsè Ogun
Láàrin ọdún 1756 sí 1763, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ilẹ̀ Faransé jagun. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n gbèsè tí ó wà lọ́rùn ìjọba rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lójú àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tọ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà, tí a gbèjà wọn, dá nínú ìnáwó náà. Lójú àwọn ará Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, Faransé ti lọ, ewu sì ti dín kù. Síbẹ̀ àṣẹ ọba ti ọdún 1763 kò gbà wọ́n láàyè láti tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè Appalachian.

Owó-orí, Owó Ibodè àti Owó Òǹtẹ̀
Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, owó-orí ni owó tí a bù lé orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Owó ibodè ni èyí tí oníbodè ń gbà lórí ẹrù tí ó ń wọ ìlú. Òfin ṣúgà ti ọdún 1764 jẹ mọ́ owó ibodè. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ọdún 1767 tí ó kan gíláàsì, òjé, ọ̀dà, bébà àti tíì. Owó òǹtẹ̀ ni ti ọdún 1765, tí ó kan ìwé ìròyìn, ìwé ilé-ẹjọ́ àti ìwé àdéhùn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fara mọ́ owó ibodè tí a fi ń darí òwò ojú òkun. Owó òǹtẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù bù tààrà lórí ohun tí wọ́n ń ṣe láàrin ara wọn.

Ìbínú Nígbà tí Owó Dín Kù
Òfin ọdún 1764 dín owó ibodè orí omi ìrèké sísè, tí wọ́n fi ń pọn ọtí, kù láti sísì (pẹ́nì mẹ́fà) sí tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta) lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n fàyàwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun yìí wá mú kí àwọn aṣọ́bodè le koko. Ní ọdún 1773, òfin mìíràn mú kí tíì dín lówó, ṣùgbọ́n owó ibodè orí rẹ̀ kò kúrò. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ará Boston da àpótí tíì 342 sínú omi. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́n ni ẹ̀sùn wọn, kí ló dé tí ìbínú fi ga sí i nígbà tí ọjà ń pọ́ọ́kú?

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, aṣojú. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n yàn sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo aṣòfin ń ṣojú fún gbogbo ọmọ abẹ́ ọba. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹni tí àwọn kò yàn kò lè ṣojú àwọn. Nígbà tí a fagi lé owó òǹtẹ̀ ní ọdún 1766, ìjọba ṣe òfin mìíràn pé àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù múlẹ̀ lórí wọn nínú ohun gbogbo. Ní ọdún 1774, wọ́n ti èbúté Boston pa, wọ́n sì dín agbára ìgbìmọ̀ Massachusetts kù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Agbègbè méjìlá rán aṣojú lọ sí Philadelphia ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹrin, ọdún 1775, ìbọn dún ní Lexington àti Concord.

Òmìnira Ta Ni?
Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn yìí pa mọ́. Ìkéde ọdún 1776 ní ọgbọọgba ni a dá ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹrú ni nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn olùgbé agbègbè wọ̀nyí. Thomas Jefferson, tí ó kọ púpọ̀ nínú ìkéde náà, ní ẹrú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1775, Gómìnà Dunmore ti Virginia ṣèlérí òmìnira fún ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ó bá wá jà fún ọba. Ìlérí yìí mú kí ọ̀pọ̀ olówó ẹrú kẹ̀yìn sí ọba pátápátá. Òmìnira tí àwọn kan ń jà fún ni wọ́n fi ń du àwọn mìíràn.

Àgbálọgbábọ̀
A gba olùkọ́ níyànjú láti má ṣe kọ́ àwọn ìdí wọ̀nyí bí orúkọ tí a ń kà sórí. Kí ó kọ́kọ́ ya owó-orí, owó ibodè àti owó òǹtẹ̀ sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́; lẹ́yìn náà kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tíì tí ó dín lówó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó tanná ran ìjà àti ohun tí ó ti ń jó lábẹ́lẹ̀.