Ooru Ilé àti Àwọn Òbí Wa Àgbà
Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, òùngbẹ kì í tètè gbẹ èèyàn mọ́, òógùn náà a sì dínkù. Bí ìyá àgbà bá ní ooru ò mú àwọn, ẹ ṣì bu omi fún wọn, àfi bí dókítà bá ti ní kí wọ́n dín omi kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀ náà ń fa omi ara. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Fáànù ń jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tí ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ. Ẹ fi omi pa ọrùn àti apá wọn, ẹ má nù ún, kí ẹ wá tan fáànù.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá dàrú, tí ara gbóná janjan, ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Ìtọ́jú òbí, ìjọsìn ni.