Ẹ̀KỌ́: ẸNI TÍ Ó JÓKÒÓ TI ALÁÌSÀN

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tí a kì í fẹ́ dárúkọ, èyí ni kókó tí ń hù nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aláìsàn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹni tí ó jókòó tì í ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kì í ṣe gbogbo kókó inú ọpọlọ ni jẹjẹrẹ. Òmíràn wà tí í dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ sì lè yọ. Òmíràn wà, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní glioblastoma, tí í yára dàgbà, tí í sì máa ń padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀ mọ́, nítorí náà èyíkéyìí tí ó bá hù níbẹ̀ lè máa tẹ ọpọlọ. Ìdí nìyí tí orí fi lè máa fọ́ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀, tí èébì lè máa gbé e, tí ojú rẹ̀ lè máa ṣe bàìbàì, tàbí kí ó ṣubú kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n bí ti oníwárápá.

Ohun tí ó ń dun olùtọ́jú jù kì í ṣe ìwọ̀nyí. Ìwà ni. Bí kókó bá wà ní iwájú ọpọlọ, níbi tí a fi ń kó ara wa níjàánu, ọkọ tí kì í bínú tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ aya rẹ̀. Ìyá tí ọjà kì í sú lè jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ láìbìkítà. Àwọn ará ilé yóò ní ayé ni ó ń ṣe é, àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ máa wo ìyàwó lójú. Obìnrin yìí kò sùn lóru, ó tún ń wí àwíjàre lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ lọ́sàn-án! Ìwà ìkà ni, kò sì yẹ kí a bá wọn dá sí i. Láti ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Àìsàn tí dókítà ti mọ̀ láti ìgbà yẹn kò tọ́ kí a máa fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyàwó.

Ta wá ni yóò gbọ́ ẹjọ́ olùtọ́jú? Ẹni tí ó ti rìn ní ọ̀nà náà ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá méjì ní Chicago ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní American Brain Tumor Association lónìí sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Brain Tumour Charity ní ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú lórí Facebook. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé níbẹ̀ lè wọ̀ ọ́ láìkúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Bí aago méjì òru bá lù, tí ojú kò sì bá wálẹ̀, ẹlòmíràn wà tí òun náà kò sùn.

Kí ni wọ́n máa ń sọ? Ọ̀rọ̀ oògùn dexamethasone, fún àpẹẹrẹ. Òun ni a fi ń dín wíwú ọpọlọ kù. Ó lè mú kí ebi máa pa aláìsàn ṣáá, kí ojú rẹ̀ wú, kí ó má rí oorun sùn, kí inú máa bí i, kí ṣúgà ara rẹ̀ sì lọ sókè. Olùtọ́jú tí kò mọ èyí yóò rò pé aláìsàn ń fi ìyà jẹ òun ni. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀, ewu ńlá ni. Bí ara aláìsàn bá ń gbọ̀n, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì wo aago. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu o! Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí a kò mọ̀ rí kò gbọdọ̀ yí ìwọ̀n oògùn aláìsàn wa padà. Ẹni tí ó bá ní òun ní àgbo tí ń yọ́ kókó, tí ó sì ń béèrè owó, ẹ sá fún un. Ẹ má sì gbé fọ́tò aláìsàn síta; ó ṣì ní iyì tirẹ̀.

Ní ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn lè má lówó dátà. Ẹ rà á fún un. Kí ẹni méjì lọ bá a jókòó ti aláìsàn fún wákàtí mẹ́ta ní Sátidé, kí òun náà lè sùn. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀ kí ó sì máa sọ ọ́ fún àwa yòókù, nítorí dídáhùn "báwo ni ara wọn?" ní ìgbà ogún lóòjọ́ iṣẹ́ ni.

Fún ìjíròrò:
Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí kò wá sí ìpàdé mọ́ nítorí aláìsàn tí ó wà nílé rẹ̀?
Bí àna bá ń fi ẹ̀sùn kan ìyàwó aláìsàn lójú wa, kí ni a ó sọ?