Bílíìṣì kọ́ ni oògùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ọrùn aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ funfun ọmọ mi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ṣe ló tún le sí i.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ gbé bílíìṣì yẹn sílẹ̀ ná! Ìpara tí ẹ fi ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ oòrùn ni mo fura sí. Èròjà avobenzone inú rẹ̀ máa ń so mọ́ irin inú omi kànga, á wá pọ́n bí ìṣó tó dógùn-ún. Bílíìṣì tún ń jẹ okùn rọ́bà inú aṣọ náà. Ẹ fà á wò, bóyá ó ṣì ń sún padà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibi tó pọ́n, ẹ bu iyọ̀ lé e fún wákàtí kan, kí ẹ fi omi tútù ṣàn án dáadáa. Ẹ má lọ́ ọ pọ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀ o.