Nípa Ibi tí Ọmọdé Ń Sùn

Nígbà tí obìnrin bá lóyún ní Ọ̀tà, kì í pẹ́ kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí ra aṣọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ de ọmọ náà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń ro ti ibi tí ọmọ yóò sùn. Ní Ṣàngó àti Ìjòkó, ọ̀pọ̀ ìdílé òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Yàrá ọmọdé wọn kì í ṣe yàrá ọ̀tọ̀, bí kò ṣe igun kan tí a fi aṣọ ìkélé pín. Igun náà tó, bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bẹ̀rù ni òjé. Ó wà nínú ọ̀dà ilé àtijọ́, ó sì wà nínú àwọn ọ̀dà kan tí a ń tà títí di òní. Ọ̀dà bẹ́ẹ̀ tí ó ń ṣí lára ògiri tàbí fèrèsé a máa dùn díẹ̀ lẹ́nu, ọmọ tí ó ń rákòrò yóò sì ṣà á jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni òjé ń ba ọpọlọ jẹ́, tóbẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ìbá mọ̀wé yóò di ẹni tí olùkọ́ ń nà lásán. Bí ó bá pọ̀ lára, ó ń pani. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọdé tí ó ju 400 lọ ni ó kú nítorí eruku òjé tí ó jáde láti inú òkúta wúrà tí a ń lọ̀ ní àgbàlá ilé. Kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Nítorí náà, bàbá tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tú bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, tí a sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ dé ibùsùn ọmọ. Kí ó wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ àti bàtà, kí ó tó gbé ọmọ mọ́ra, bí ó ti wù kí ọmọ náà máa ké pè é tó. Aṣọ tútù ni kí a fi nu ilẹ̀ igun náà. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ a máa gbé eruku sókè, eruku yóò sì tún bà sórí ẹní.

Ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọdọ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun.

Ní ti ibùsùn, kí káfíńtà má jẹ́ kí àlàfo àárín ọ̀pá kan sí èkejì ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, kí orí ọmọ má bàa há. Kí ẹní rẹ̀ le díẹ̀, kí ó tẹ́jú. Kí a má fi ìrọ̀rí sí i ní ọdún kìíní. Ẹ̀yìn ni kí a tẹ́ ọmọ sí. Ìyá àgbà yóò ní orí ọmọ yóò di pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ òfo; kí a máa da ọmọ dojú bolẹ̀ díẹ̀ lójú ara wa nígbà tí kò bá sùn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994 tí a ti ń kọ́ àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ikú òjijì ọmọ ọwọ́ dín kù tó ìdajì.

Kí a sá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun sí ibòòji fún ọjọ́ kan kí a tó ta á, kí a sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní yíká. Oòrùn a máa ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ibòòji náà ni kí a máa sá a sí bí a bá fọ̀ ọ́.

Ní ti ọ̀ṣọ́, Ọ̀tà kì í ṣe àlejò nínú igi gbígbẹ́. A ti mọ ìlú náà mọ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ẹyẹ tàbí ẹṣin kékeré tí a fi igi gbẹ́, tí a dán dáadáa, tí a kò sì fi ọ̀dà kùn, yóò dára ju ohun títàn ọjà lọ, nítorí ẹnu ni ọmọ yóò kọ́kọ́ gbé e sí.