Lẹ́tà Lọ́yà Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ìbéèrè: London ni mò ń gbé. Lọ́yà ọkọ mi àtijọ́ ń kọ lẹ́tà líle sí mi ṣáá lórí àwọn ọmọ wa. Bí mo bá ti rí àpòòwé rẹ̀, àyà mi á já. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin wa. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí gan-an. Ẹ má fèsì lọ́jọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ kí inú yín rọ̀ ná. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni lọ́yà ń gbẹnu sọ fún; òun kọ́ ni adájọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fàlà sábẹ́ ohun tó ń béèrè gan-an àti ọjọ́ tó dá. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ dáhùn, ní ṣókí, kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ fo èébú tó kù. Ẹ kọ èsì yín bíi pé adájọ́ máa kà á, torí ó lè kà á lóòótọ́. Nínú òfin Children Act 1989, ire ọmọ ló ṣáájú ohun gbogbo lójú kóòtù ní London.

Bó bá jẹ́ kóòtù fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé, ìyẹn yàtọ̀: ẹ tètè wá lọ́yà, tàbí kí ẹ lọ sí àjọ agbaninímọ̀ràn Citizens Advice. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí lẹ́tà kankan.